Ta Ni À Ń Ké Sí? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn Nínú Ilé Ọlọ́run

Láti ọwọ́ Alàgbà kan nínú ìjọ

Ẹ ó rí i nínú ìwé ètò yìí pé owó tí a bá kó jọ níbi lọ́ńṣìn ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun ni a fẹ́ fi rà. Ìgbìmọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Èmi náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ìpàdé tí a ṣe. A bèèrè pé èló ni. A bèèrè pé wáàtì mélòó ni, ṣé ti ìlú Òyìnbó ni àbí ti Ṣáínà. Kò sí ẹni tó bèèrè pé: ta ni à ń ké sí?

Bí ẹ bá ní Ọlọ́run ni, ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì wò. Hánà dúró ní Ṣílò, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde rárá, tó bẹ́ẹ̀ tí Élì àlùfáà fi rò pé ọtí ló ń pa á (1 Sámúẹ́lì 1). Àdúrà tí kò ní ohùn yẹn náà ló bí Sámúẹ́lì fún wa. Ní òkè Kámẹ́lì ẹ̀wẹ̀, àwọn wòlíì Báálì ké láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Èlíjà ní kí wọ́n tún gbé ohùn sókè sí i. Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó ní bóyá òrìṣà wọn rìnrìn àjò, bóyá oorun ló ń sùn (1 Àwọn Ọba 18). Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó pariwo jù lọ́jọ́ yẹn ni kò rí ìdáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò sọ pé kí a má ké. Aládùúrà ni wá, a mọ Halelúyà méje, a mọ bí ara ti máa ń rí nígbà tí gbogbo ìjọ bá jùmọ̀ gbé ohùn sókè ní òru. Bátímáù afọ́jú náà ké, wọ́n ní kó dákẹ́, ó tún ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, Jésù sì dúró dè é. Ṣùgbọ́n Bátímáù kò nílò máíkì. Ọlọ́run tó gbọ́ Hánà kì í ṣe ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí kò gbọ́ràn. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà, ènìyàn ni a fẹ́ rà á fún. Oríṣi ènìyàn méjì ló sì wà: ẹni tó ti wọlé wá, àti ẹni tó wà níta tí kò wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹni inú ilé. Ẹ wo Ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ti abúlé oko kòkó wá, tó wọ sùtánà funfun rẹ̀, tó sì jókòó sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn nítorí pé ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó rìn dé iwájú. Ìgbà tí gbogbo ìjọ bá ti ṣe Àmín tán ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, nítorí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò ṣe é. Ó ń san owó ẹgbẹ́, ó ń mú ti ìkórè wá, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìwàásù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́. Ìyẹn kò tọ́. Nígbà tí Ẹ́sírà fẹ́ ka òfin fún àwọn ènìyàn, orí pẹpẹ igi tí wọ́n kàn fún iṣẹ́ náà ló dúró sí, àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣe àlàyé kí ọ̀rọ̀ lè yé olúkúlùkù (Nehemáyà 8). Olúwa wa pàápàá wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí wọ́n tì í kúrò létí òkun díẹ̀, kí èrò tó wà ní èbúté lè gbọ́ ọ. Nítorí náà ètò láti mú kí ọ̀rọ̀ dé etí ènìyàn kì í ṣe fáàrí. Gbèsè ni a jẹ Ìyá àgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ná owó sórí asán. Ilé ìsìn wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ìkirè àti Àpòmù, búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ohùn tó bá bọ́ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Ó ń lu ògiri, ó ń padà, ó ń lu páànù, ó ń padà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e á wá bá a lójú ọ̀nà, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń gbọ́ ariwo tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá wá yí bọ́tìnì sókè, ohùn tó ń lọ àti èyí tó ń padà la jọ gbé sókè, kò sí ohun tó yanjú. Aṣọ títa, tìmùtìmù, kódà ara àwọn ènìyàn tó kún ilé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gba ohùn mọ́ra. Ìdí tún nìyẹn tí máíkì tí àwọn ọmọ wa dán wò ní ọjọ́ Sátidé nígbà tí ilé ṣófo kì í dún bákan náà ní ọjọ́ Ìsinmi.

Sípíkà kéékèèké mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí a gbé kọ́ sára ògiri lókè orí ènìyàn, tí a sì dojú wọn kọ etí dípò páànù, sàn ju gàgàrà méjì tí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lọ. Àwọn gàgàrà yẹn á ti di àwọn ọmọ Sunday School létí pátápátá kí ohùn wọn tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà. Àwọn tó mọ̀ nípa etí sọ pé ariwo tó tó dẹ̀síbẹ̀lì 85, bí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lójúmọ́, ó ti ń sún mọ́ ewu. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ti tó. Etí tó bá sì ti bàjẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Wáàtì náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó ra wáàtì 200 dípò 100, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló fi kún un, ìyẹn kò sì tó nǹkan létí. Kí ohùn tó lè dà bí ìlọ́po méjì létí ènìyàn, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dìde níbi lọ́ńṣìn tó ní òun á fi owó kún un kí a lè ra èyí tó tóbi ju ti ìjọ kejì lọ, ẹ bá mi kí i, kí ẹ gba owó náà, kí ẹ fi ra aṣọ títa àti wáyà tó dára.

Ohun kan tún wà fún ilé tó bá gùn. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n inú wáyà, ojú ẹsẹ̀ ló ti dé. Ẹni tó jókòó ní mítà 34 sí iwájú á kọ́kọ́ gbọ́ sípíkà tó wà nítòsí rẹ̀; ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà ni ti iwájú á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á wá dà bíi pé wòlíì méjì ló ń wàásù. Ọ̀pọ̀ míksà ìsinsìnyí ní ibi tí a ti lè mú kí sípíkà ẹ̀yìn dúró díẹ̀ de ti iwájú. Kí ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa fi ibẹ̀ hàn wá kó tó gba owó. Ní ti máíkì tó máa ń han fìì-fìì, kì í ṣe iṣẹ́ Èṣù bí àwọn kan ti ń sọ. Máíkì ló gbọ́ ohùn sípíkà, ó gbé e padà fún sípíkà, sípíkà tún gbé e fún un. Ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Kí sípíkà wà níwájú máíkì, kí oníwàásù má ṣe rìn bọ́ síwájú sípíkà, kí ó gbé máíkì sún mọ́ ẹnu, kó má sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀ bí àwọn olórin ti ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kó wà níta, kó jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láì jẹ́ kó mọ̀.

Mo ti pẹ́ lórí ẹni inú ilé, nítorí òun ló ni owó yìí. Ó wá ku ẹni ìta.

Họ́ọ̀nù méjì ló wà lórí òrùlé wa báyìí, ọ̀kan kọjú sí títì, èkejì kọjú sí agbolé tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn. Kò sí ọmọ ìjọ kan tó ń gbọ́ ìwàásù láti ẹnu wọn. Àwọn tí kò wá ni a gbé wọn sókè fún. Ẹ̀tọ́ wo gan-an ni a ní sí etí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn?

Ìwàásù fún ọ̀pọ̀ èrò kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí iná mànàmáná dé. Ní 1739, George Whitefield, ajíhìnrere ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó sì ń wàásù ní gbangba níbẹ̀. Benjamin Franklin, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọlẹ́yìn rẹ̀, wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ. Dípò kó dúró sójú kan, ńṣe ló ń fi ẹ̀yìn rìn lójú títì títí ó fi dé ibi tí kò ti gbọ́ ohùn náà yé mọ́. Ó wá fi ìwọ̀n ibẹ̀ ṣírò pé àwọn tó lé ní 30,000 lè gbọ́ ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrìn Franklin yẹn pa mọ́ fún mi, a ó padà sí i.

Nílẹ̀ tiwa níhìn-ín, ní oṣù keje ọdún 1930, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá dúró ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ́ wá, kò sí máíkì, kò sí wáyà. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni kí Olúwa tó pè é ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1928. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní ẹ̀rọ rẹ̀ dédé kú lójú ọ̀nà ni, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tó pè é. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé ariwo ẹ̀rọ kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè ti wà láyé ṣáá nígbà yẹn. Ní 1915 ni Peter Jensen àti Edwin Pridham fi tiwọn han gbangba ní San Francisco, nígbà tó sì di 1919, Ààrẹ Wilson ti Amẹ́ríkà fi bá èrò tó tó 50,000 sọ̀rọ̀ ní San Diego. Ní 1936, Mọ́sáláṣí Sultan ní Singapore wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi pe ìrun. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wa kó sínú rẹ̀: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, olórin, olóṣèlú, àti ẹni tó ń ta oògùn eku.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín agogo ọwọ́ tí àwọn baba wa ń lù àti họ́ọ̀nù orí òrùlé? Ṣé pé ọ̀kan kéré, èkejì pọ̀ ni? Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akéde ọba a máa lu agogo rẹ̀ kọjá lójúde ẹni. Ajíhìnrere ìdájí náà a máa lu tirẹ̀ kọjá. Ó sọ̀rọ̀, ó rìn, ó lọ. O lè ṣí fèrèsé bi í léèrè ọ̀rọ̀. O lè sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn kan wà nílé yìí,” á rẹ ohùn sílẹ̀, tàbí kó wọlé wá gbàdúrà fún aláìsàn náà. Ẹnu rẹ̀ àti etí rẹ̀ ló jọ ń rìn. Họ́ọ̀nù ní ẹnu, kò ní etí. Bí ìkókó bá ta jí ní ilé kejì, igbe rẹ̀ kò lè gba inú wáyà padà wá bá oníwàásù. Ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọlúàbí fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti tó, ohun tí ẹ̀rọ yìí sì gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Èmi rò pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó ju ti ariwo lọ.

Ojú ní ìpéǹpéjú. Bí aṣọ tí a wọ̀ kò bá wu ẹnìkan, kó dijú. Etí kò ní ìdérí. Ẹni tó bá gbé ohùn wọ etí ẹni tó sùn, ó ti wọ ilé rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn. Olúwa wa fúnra rẹ̀, nínú Ìfihàn orí kẹta, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ará ìta yìí kì í sì í ṣe àjèjì. Ní ìlú wa níbí, nínú agbolé kan náà ni Alhaji àti Alàgbà ti ń jáde. Àbúrò bàbá ẹni ni ẹni tí ìsọ́ òru wa kò jẹ́ kó sùn. Ẹ rántí ìyá tó ń ṣe dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ló ní láti gún mọ́ ata, kó dín in nínú epo pupa, kó sì ti gbé e dé etí títì kí èrò ọkọ̀ Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tó máa kọjá. Bí a kò bá jẹ́ kó sùn láti aago méjìlá di aago mẹ́rin, epo gbígbóná ló máa fi ojú oorun dúró tì. Àdúrà ìbùkún iṣẹ́ ọwọ́ la sì ń gbà lóru náà o!

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní wọ́n fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà nítorí ohùn àdúrà wọn, wọn kò sì torí rẹ̀ dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí òkè ni àwọn baba wa ń gùn lọ, inú igbó ni wọ́n ń wọ̀ lọ ké pe Olúwa. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ló ń tẹ̀lé wọn lọ. Wọ́n á tún ní, àwọn Mùsùlùmí ńkọ́? Ìrun pípè kì í pẹ́. Bí wáàsí òru tiwọn bá wá di wákàtí mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ni mo ní fún wọn. Àmọ́ ẹni tó ní kí tọ̀hún kọ́kọ́ dákẹ́ kí òun tó dákẹ́ ti fi ìwà ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ní, “Bí ọkàn kan bá tipasẹ̀ họ́ọ̀nù rí ìgbàlà ńkọ́?” N kò ní fi ẹ̀rín gbé e kọjá. A ti gbọ́ ẹ̀rí irú rẹ̀, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìgbàlà ló máa wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ mọ́ wa nítorí oorun ọdún mẹ́wàá tí kò sùn, kò ní wá jẹ́rìí. A kò lè ka iye àwọn yẹn. Kí a má ṣe tìtorí pé a kò lè kà wọ́n sọ pé wọn kò sí.

Ẹ̀yin ará Àpòmù mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ọ̀rọ̀ kékeré láàárín aládùúgbò lè má kéré. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé iyàn lórí atare ní ọjà Àpòmù ló di ìjà, tí ìjà sì di ogun Òwu. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń jí gbé tà lẹ́rú ní ọjà náà, èyí tó fi hàn pé inú ti ń bí àwọn ènìyàn kí ọ̀rọ̀ atare tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sọ òkúta lu họ́ọ̀nù wa, kì í ṣe ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bí i. Ìjọba pàápàá ti dá sí i. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti 2009, ní 2016 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì bíi 70 àti mọ́sáláṣí bíi 20 pa nítorí ariwo. Ó máa tì mí lójú bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa kọ́ wa ní ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rin ìrìn Franklin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá to ẹ̀rọ yìí tán, kí a tó san owó tó kù, kí ẹnìkan máa ka Sáàmù nínú ilé, kí Alàgbà kan àti ìyá ọlọ́mọ kan sì jáde, kí wọ́n máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán, kí ọ̀rọ̀ náà má yé ènìyàn mọ́ tó bá ti kọjá ọgbà wa. Ní òru, kó má wọ iyàrá ẹnikẹ́ni rárá. Ibi tí bọ́tìnì bá wà nígbà náà, kí a fi ọ̀dà sàmì sí i. Ní gbogbo ìsọ́ òru, kí arábìnrin kan tí a yàn mú tọ́ọ̀ṣì jáde ní aago méjìlá àti aago méjì, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò kó gbọ́, kó sì ní àṣẹ láti ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kódà bí wòlíì bá wà nínú ẹ̀mí. Mo mọ̀ pé ibi tí ìgbìmọ̀ máa ti jiyàn nìyẹn. Kí wọ́n jiyàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un ní àṣẹ náà.

Ní ti họ́ọ̀nù méjèèjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí a gbé wọn fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere kí wọ́n máa so wọ́n mọ́ orí ọkọ̀, kí wọ́n máa fi wàásù ní gáréèjì ní ọ̀sán fún ìwọ̀n wákàtí kan, kí wọ́n sì dúró dáhùn ìbéèrè àwọn tó bá fẹ́ bi wọ́n. Àkàbà tó ga tó òrùlé wa wà nílé mi. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, kí àwọn ọ̀dọ́ wá gbé e ní òwúrọ̀ Sátidé.